Wọ́n Lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Wọn Ò Jẹ Ìkọ́kọrẹ́!

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì Ṣàgámù ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ ó rí nǹkan. Mótò lórí mótò, láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta, gbogbo wọn ló kún fún àwọn tó wọ aṣọ ẹbí. Gèlè ga bí òrùlé, fìlà gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń lọ. Ẹnì kan ń sìnkú ìyá rẹ̀, ẹnì kan ń gbé ọmọ níyàwó, ẹgbẹ́ kan ń ṣe àjọ̀dún. Wọ́n á jó, wọ́n á náwó fún onílù, wọ́n á gba ike àti táwẹ́lì tí olóde fi tọrẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wà nínú mótò, ó di Èkó.

Ẹ wá bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kejì pé, "Kí lẹ jẹ ní Ìjẹ̀bú?" Ìrẹsì ni! Jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín, èyí tí wọ́n lè jẹ ní Mushin, tí wọ́n lè jẹ ní Agége, tí wọn kò tìtorí rẹ̀ ní láti sun oorun ìdúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mótò.

Ọ̀rọ̀ yìí jọ àwàdà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Ìlú tó ni ìkọ́kọrẹ́, ìlú tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà fi ń pe gàrí tó dára, òun náà ni àlejò ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde, tí wọn kì í tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò bá rà, olóúnjẹ kò ní máa sè é títí. Èyí tí ìyá bá sì pa tì, ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n sè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa.

ẸNI TÓ MỌ OÚNJẸ Í JẸ

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá télọ̀ kan ní Mushin fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin yìí kì í mutí, kì í fa sìgá, kì í ta tẹ́tẹ́. Oúnjẹ nìkan ni tirẹ̀. Bó bá gbọ́ pé ìyá kan ń se ẹ̀fọ́ rírò tó dára ní Ìkòròdú, á wá aṣọ tó fẹ́ lọ gbé fún oníbàárà kan níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ta àǹkárá. Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí i, ṣùgbọ́n Èkó ló dàgbà sí. Ìyá náà ti kú, kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ pé òun á kọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀, títí tí ikú fi dé.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ká sọ pé oníbàárà ìyàwó náà pè wọ́n sí òde ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá télọ̀ ní, "Ìyá ọmọ mi, a ò ní lọ láàárọ̀ ká padà lálẹ́. Fúráìdé la ó lọ. Sọ́ńdè la ó padà. Mo fẹ́ jẹ ìlú yẹn kúnnákúnná."

Ìyàwó dáhùn pé, "Bàbá ọmọ mi, owó òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

Ọkọ ní, "Owó táwẹ́lì àti ike tí wọ́n fẹ́ fún wa la ó fi san án." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ.

Ohun tí tọkọtaya yìí yóò bá pàdé láti alẹ́ Fúráìdé títí di ọ̀sán Sọ́ńdè la fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn lè mọ ọ̀nà.

ÌLÚ TÍ ÀLEJÒ KÌ Í DÉDÉ WỌ̀

Ìjẹ̀bú-Òde wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìpínlẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Mótò láti Èkó a máa gba títì Ìbàdàn dé Ṣàgámù, á wá yà sí ọ̀nà Bíní. Ọ̀nà kejì gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ẹni tó bá gbọ́n á gba ọ̀kan lọ, á gba èkejì bọ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Láyé àtijọ́, àlejò kì í dédé kọjá láàárín Ìjẹ̀bú. Àwọn ló dúró sí àárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè. Ẹrù tó ń ti etí omi lọ sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá, wọ́n sì ń gba owó oníbodè. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀yìn wọn lọ ra ọjà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ló di ogun Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, tí ọ̀nà sì là. Ẹ tún ti gbọ́ nípa Ẹrédò Súngbọ́, yàrà àti odi ńlá tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Níbi kan, bí ènìyàn bá dúró sí ìsàlẹ̀ yàrà náà, ṣe ni ògiri rẹ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

Kí ló kan oúnjẹ níbẹ̀? Ó kàn án gan-an. Ẹni tó wà láàárín omi àti oko, ẹja ń ti ọ̀sà bọ̀ wá bá a, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ń ti oko bọ̀ wá bá a. Ẹ wo inú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, ohun méjèèjì yẹn lẹ ó bá níbẹ̀: ewùrà láti oko, ẹja àti edé láti ọ̀sà. Ìtàn ìlú wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

ALẸ́ FÚRÁÌDÉ: Ọ̀JỌ̀JỌ̀ GBÍGBÓNÁ

Bí ẹ bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má tíì wá oúnjẹ ńlá. Ẹ wá ibi tí èéfín ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ìyá tó ń dín àkàrà ló wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn a sì máa dín ọ̀jọ̀jọ̀. Ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n po ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ mọ́, tí wọ́n wá ń fi ọwọ́ bù sínú epo gbígbóná. Ó máa ń pọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ á gan, inú rẹ̀ á rọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù kò jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ rárá. Ẹ dúró tì í títí tí yóò fi jáde nínú epo, kí ẹ fi ẹ̀kọ tútù gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá ní oríire á bá ebìrìpo pàdé pẹ̀lú. Oúnjẹ àwọn ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ni. Kókò ni wọ́n rin, tí wọ́n fi ewé pọ́n, tí wọ́n sì sè bíi mọ́ínmọ́ín. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ dára fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń pe ara wọn ní Ìjẹ̀bú ni kò tíì fi ojú kàn án rí.

Bàbá télọ̀ ra ọ̀jọ̀jọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ra òmíràn. Ìyàwó ní, "Ẹ rọra o. Ọ̀la ló ṣì ń bọ̀." Ọkọ ní ohun tó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú.

ÒWÚRỌ̀ SÁTIDÉ: ÌKỌ́KỌRẸ́ ÀTI Ẹ̀BÀ TÚTÙ

Ohun tó gbé wọn wá rèé. Kí ẹ má bàa pẹ́, ẹ tètè jí. Àwọn ìyá tó ń ta ìkọ́kọrẹ́ kì í sè é pọ̀ mọ́, nítorí náà bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá léèrè. Àwọn ló mọ bùkà tó mú ọbẹ̀ dání ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe àsáró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá ìjà sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Àsáró, iṣu gangan ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ata àti epo. Ìkọ́kọrẹ́, ewùrà ni, wọ́n sì ti rin ín kó tó wọ ìkòkò. Nínú ọbẹ̀ pupa yẹn, ẹ ó máa rí kóro-kóro funfun tó rọ̀, tí kò yọ́ tán. Kóro yẹn ni ẹwà rẹ̀. Bó bá ti di kìkì ẹ̀kọ, olóúnjẹ ti bà á jẹ́.

Ìyàlẹ́nu àlejò ni ohun tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀bà ni, ẹ̀bà náà yóò sì ti tutù! Ìkọ́kọrẹ́ gbóná, ẹ̀bà tutù. Wọ́n á bu òkèlè tó le, wọ́n á fi kó ìkọ́kọrẹ́ tó rọ̀. Bàbá télọ̀ kọ́kọ́ fajú ro. Ó ní, "Màámi, ẹ̀bà yìí ti tutù." Ìyá olóúnjẹ ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Jẹ òkèlè mẹ́ta ná. Bí kò bá dùn, o ò ní sanwó." Lẹ́yìn òkèlè kejì, bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tún na abọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò jẹun tó bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ló ń wò. Ó wá bi ìyá olóúnjẹ pé, "Màámi, ẹ má bínú o. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í yọ́ dànù?"

BÍ WỌ́N ṢE Ń SÈ É

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn rèé fún gbogbo ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èkíní, ewùrà. Ẹ wá èyí tó ti gbó dáadáa, tó wúwo lọ́wọ́, tí kò ní omi jù. Èyí tí wọ́n wà ní ẹ̀ẹ̀rùn tó sì ti pẹ́ díẹ̀ nílé ló dára jù. Ewùrà tó bá rọ̀ bí omi á kàn yọ́ sínú ọbẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti rà á, tí ẹ wá rí i pé omi rẹ̀ pọ̀, àwọn kan a máa bu gàrí díẹ̀ mọ́ ọn kó lè dì.

Èkejì, ìrin. Ìyẹn páànù tí wọ́n fi ìṣó lu lójú. Ẹ bẹ ewùrà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín lójú ibi tó kéré jù. Ọwọ́ lè yún yín, ẹ fi epo pupa díẹ̀ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lọ ọ́ nínú bẹ́léńdà. Omi ni bẹ́léńdà ń bèèrè kó tó lọ nǹkan, omi yẹn gan-an ló sì ń pa ìkọ́kọrẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá rin ín tán, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ pò ó.

Ẹ̀kẹta, ọbẹ̀. Ẹ gbé omi díẹ̀ kaná pẹ̀lú ata lílọ̀, àlùbọ́sà, epo pupa, ẹja yíyan tí ẹ ti fọ̀, edé, àti ògìrì tàbí ìrù. Ẹni tó bá lágbára lè fi ìgbín tàbí pọ́nmọ sí i. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa kí epo àti ata jọ mọ ara wọn.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ fi ọwọ́ bu ewùrà rínrin náà ní kóro-kóro sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Ẹ dín iná kù. Ẹ dé e. Ẹ MÁ RÒ Ó. Ẹ fi sílẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí kóro náà lè dì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ṣíbí onígi yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwọn kan yọ́, kí àwọn kan ṣẹ́kù. Ó tán.

Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí ohun tó wọ́n níbẹ̀ bí ẹran òde ṣe wọ́n. Àsìkò àti ọwọ́ ló ń gbà. Ìdí nìyí tí ìyá olóúnjẹ fi mi orí, tó ní, "Ta ló fẹ́ jókòó rin ewùrà láyé yìí? Àwọn ọmọ mi obìnrin ní ìrẹsì yá jù. Lọ́jọ́ Sátidé gan-an tí ìlú kún, díẹ̀ ni mo ń sè, nítorí gbogbo àlejò ló ń lọ jẹ ìrẹsì nílé òde."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyàwó télọ̀ lára ju ata lọ. Àwọn ọmọ tó ń sọ pé ìrẹsì yá jù, kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ọjà ló ń kọ́ni ní ohun tí ènìyàn ń tà. Bí oníbàárà ìkọ́kọrẹ́ bá jẹ́ mẹ́wàá, tí ti ìrẹsì sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún, kí ni ọmọ tó fẹ́ san owó ilé yóò sè?

ỌJÀ ÒKÈ-AJÉ: GÀRÍ TÓ JẸ́ GÀRÍ

Kí òde tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ọjà. Òkè-Ajé kì í ṣe ọjà kékeré. Ẹ ra gàrí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní gàrí Ìjẹ̀bú ni gàrí Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí Brazil wà, ló ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etí òkun Áfíríkà. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1900 kópa nínú títan ìmọ̀ gàrí sísè ká. Ìjẹ̀bú wá gba iṣẹ́ yìí, ó fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un.

Ọgbọ́n náà ni sùúrù. Wọ́n bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rin ín, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n gbé òkúta tàbí jáàkì lé e kí omi rẹ̀ jáde. Wọn kò yára dín in. Wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì dín in lórí agbada títí tí yóò fi gbẹ. Wọn kì í fi epo sí i. Ìdí nìyí tó fi kan, tó fi kúnná, tó sì fi tinrín lẹ́nu.

Kíkan yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Bí wọ́n ṣe ń rin ín, tó ń kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń dín in, gbogbo rẹ̀ ló ń lé májèlé náà lọ. Ẹni tó bá kánjú, tó rin ẹ̀gẹ́ lónìí tó sì dín in lónìí kan náà, kì í ṣe adùn nìkan ló jí lọ. Ìlera ará ìlú ló fi ń ṣeré.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ra gàrí, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ bù ú sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bó bá dì mọ́ra, kò gbẹ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bu nínú àpò.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kíkan tó mọ́ ni kó jáde, kó má rùn bí ohun tó bu.

Ẹ jù ú sẹ́nu. Kó fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ eyín, kó sì kan díẹ̀díẹ̀. Yanrìn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Gàrí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lálẹ́, tàbí tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, eku lè tọ̀ sí i. Ibà Lásà, àrùn tí àwọn dókítà kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lásà ní ìpínlẹ̀ Borno ní ọdún 1969, eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku nínú oúnjẹ wà lára ọ̀nà tó ń gbà ran ènìyàn. Ike tó ní ìdérí tó le ni kí ẹ máa kó gàrí yín sí.

Bí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ bu omi tútù sí ife, ẹ da gàrí sí i, ẹ fi ṣúgà, ẹ̀pà àti àgbọn sí i. Àwọn mìíràn fẹ́ ẹja díndín, àwọn mìíràn fẹ́ kúlíkúlí. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, kò sí mínírà tó tó o.

Ọ̀SÁN SÁTIDÉ: ÒDE ŃKỌ́?

Tọkọtaya yìí lọ sí òde oníbàárà wọn. Ó yẹ kí wọ́n lọ. Wọ́n jó, wọ́n kí olóde, wọ́n jókòó. Wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá. Bàbá télọ̀ wò ó, ó ní, "Ẹ ṣé o, a ti jẹun." Àwọn tó jókòó tì í rò pé inú ń run ún.

Àwọn Ìjẹ̀bú mọ òde ṣe, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ aṣọ tirẹ̀, tí àwọn ìdílé ológun ń gun ẹṣin wá júbà Awùjalẹ̀. Ọba Síkírù Adétọ́nà, tó gorí oyè ní ọdún 1960, tó sì wàjà ní ọdún 2025, wà lórí ìtẹ́ fún ọdún márùndínláàádọ́rin, ojú rẹ̀ sì ni ọjọ́ yìí ṣe di ohun tí aráyé ń wá wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ bá gbé wá, kó yan ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ní àsìkò Ojúde Ọba, yàrá òtẹ́ẹ̀lì á gbówó lórí, ìyá olóúnjẹ kò sì ní ráyè dá yín lóhùn.

Ìbéèrè kan ló wà fún ẹ̀yin tó ń ṣe òde. Nínú ìkòkò ńlá mẹ́wàá tí ẹ gbé kaná, ṣé ọ̀kan kò lè jẹ́ ìkọ́kọrẹ́? Olóúnjẹ yín kò mọ̀ ọ́n sè ni? Ẹ ránṣẹ́ sí ìyá tó mọ̀ ọ́n. Àlejò tó ti Èkó wá ti jẹ ìrẹsì rí. Ẹ fún un ní ohun tí kò rí jẹ nílé rẹ̀, kó lè sọ ọ́ délé.

SỌ́ŃDÈ: ÌRẸSÌ TÓ TÓ ÌRẸSÌ

Bí ẹ bá ní dandan ìrẹsì lẹ ó jẹ, ẹ jẹ ti ọ̀fàdà. Òtítọ́ kò ní ìbẹ̀rù: ọ̀fàdà kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú Ọ̀fàdà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní apá Ẹ̀gbá, ló fún un lórúkọ. Ọbẹ̀ ayamáṣẹ sì rèé, ọ̀pọ̀ gbà pé Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ló ti wá. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni gbogbo wọn, bùkà Ìjẹ̀bú-Òde sì mọ̀ ọ́n sè.

Ìrẹsì yìí kò funfun báláú. Ó ní ìlà pupa tàbí ti àwọ̀ ilẹ̀ lára, torí wọn kì í bó èèpo rẹ̀ tán. Ó ní òórùn tirẹ̀. Ayamáṣẹ rẹ̀, tàtàṣé tútù àti ata tútù ni wọ́n lọ̀, wọ́n dá epo pupa títí tí pípọ́n rẹ̀ fi kúrò, wọ́n wá kó ìrù, ẹran, ṣàkì, pọ́nmọ àti ẹyin sí i. Ewé eéran ni kí wọ́n fi bù ú fún yín. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rá bù ú, ẹ sọ fún wọn pé ewé lẹ fẹ́. Ewé máa ń fi òórùn dídùn sí i. Ẹ rọra jẹ ẹ́ o, òkúta lè wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ìdí rẹ̀ rèé: ẹja. Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà, ọjà Olúwo sì wà níbẹ̀ fún ẹja tútù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra ewùrà àti gàrí ní Òkè-Ajé, ẹ wá ra ẹja àti edé ní Ẹ̀pẹ́, gbogbo ohun èlò ìkọ́kọrẹ́ ti pé nínú àpò yín kí ẹ tó wọ Èkó.

OHUN TÓ KÙ LỌ́WỌ́ WA

Ìyàwó télọ̀ ra ìrin kan ní ọjà. Ó ra ewùrà mẹ́ta. Nínú mótò, ọkọ ní, "Ìyá ọmọ mi, ta ló fẹ́ rin gbogbo eléyìí?" Ó dáhùn pé, "Èmi àti àwọn ọmọ yín ọkùnrin." Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó kò rẹ́rìn-ín.

Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ oúnjẹ kì í gbé inú ìwé, ọwọ́ ló ń gbé. Bí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n bá rọ, tí kò sí ọwọ́ mìíràn tó gbà á, kò sí owó tí a lè fi rà á padà. Ìyá tí ń ta ìkọ́kọrẹ́ nílò oníbàárà lónìí, kó lè sè é lọ́la, kí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè rí i pé owó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, Ìjẹ̀bú ni o, Èkìtì ni o, Ẹ̀gbá ni o, Oǹdó ni o, ẹ lọ bá a nínú ilé ìdáná lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń sè tí ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n sè. Ẹ̀yin tó sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà se ìkọ́kọrẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Rẹ́mọ, ojú ìwé àwọn òǹkàwé ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ sọ iye ewùrà àti iye omi. Ẹlòmíràn ń dúró dè é.